Ìbọn wo ló yẹ àgbọ̀nrín nígbó Kétu: kálíbà 12 ni, àbí karabíìnì?

ỌmọAlákétu:
Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ ilé àti ti ẹ̀yìn odi. Mo kí àwọn àgbà, mo kí àwọn ẹgbẹ́ mi.

Kétu lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo ń gbé, oko wa wà lọ́nà Ìdìgné. Ìwé àṣẹ ìbọn mi ti jáde, ìwé àṣẹ ọdẹ náà ti wà lọ́wọ́. Ṣakabùlà bàbá mi ni mo fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ra ìbọn gidi báyìí, èyí tí n óò máa lò títí n óò fi darúgbó. Àgbọ̀nrín ni mo ń wá jù, ẹtu ló tẹ̀lé e. Òyà kò le, ìbọn yòówù á pa á.

Ohun tó dà mí lọ́kàn rú ni pé ẹnì kan tó ń ta ìbọn ní Kútọnu ní kí n má fowó ṣòfò lórí kálíbà 12 (kálíbà ni ìwọ̀n ihò ọ̀pá ìbọn). Ó ní karabíìnì, ìbọn tó ń yin ọta kan ṣoṣo lọ jìnnà, ti .270 tàbí .308 ni kí n rà, pé n óò lè yin ẹran láti mítà 200. Àbúrò bàbá mi ní ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ tajà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, kálíbà wo ló ń pa àgbọ̀nrín lójú ẹsẹ̀, tí kò ní jẹ́ kó lọ kú sínú igbó ṣíṣú, tí kò sì ní ba ẹran jẹ́?

BabaỌdẹṢábẹ:
Ọmọ mi, o káre tó o béèrè kó o tó náwó. Àbúrò bàbá rẹ ríran.

Kí a tó dárúkọ kálíbà kankan, sọ fún mi: níbo lo ti fẹ́ rí mítà 200 nílẹ̀ Kétu? Oko àgbàdo ni, oko ẹ̀gẹ́ ni, igbó tíìkì ni. Lẹ́yìn òjò, koríko á ga ju orí ènìyàn lọ. Àgbọ̀nrín kì í sì í jáde sí gbangba bẹ́ẹ̀. Etí igbó ṣíṣú ló ń gbé, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹ̀, òun nìkan ló sábà ń dá rìn. Bó bá gbóòórùn rẹ, á gbó lẹ́ẹ̀kan bí ajá, ó ti lọ nìyẹn. Mítà 20 sí 40 ni ọdẹ àti ẹran máa ń wà síra wọn. Lọ́dọ̀ wa ní Ṣábẹ tí a ní òkè olókùúta, bí iná bá ti jó pápá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ojú a máa ríran jìnnà ju tiyín lọ, síbẹ̀ n kì í yin ẹran tó bá ti kọjá mítà 60.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì, kálíbà 12, ni kó o rà. Ọta olóòjé kan ṣoṣo, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Brenneke, ni kó o kì sí ẹnu kan. Kì oníwóro, ọta tó ní wóro òjé púpọ̀ nínú, sí ẹnu kejì. Bó o bá rí ìbọn Robust ti ilé iṣẹ́ Manufrance tí wọ́n tọ́jú dáadáa, má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Saint-Étienne nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é láyé ìgbà kan, àwọn bàbá wa sì lò ó pẹ́.

AráÌlárá:
Ẹ kúulé o. Mo fara mọ́ kálíbà 12, àmọ́ n kò fara mọ́ olóòjé kan yẹn. Oníwóro 9 ni tèmi. Nígbà tí àgbọ̀nrín bá fò jáde lójijì, ta ló ní àyè láti fojú wọn bọ́ọ̀lù kan? Wóro 9 á tàn ká, èyí tí yóò bà á á bà á.

BabaỌdẹṢábẹ:
AráÌlárá, ọ̀rọ̀ "èyí tí yóò bà á á bà á" yẹn gan-an ló ń kó ẹran lọ kú síbi tí igún nìkan á ti rí i. Bí ẹnu ìbọn rẹ kò bá fún rárá, wóro yẹn ń tàn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lórí mítà kọ̀ọ̀kan tó bá lọ. Ṣírò rẹ̀. Bó bá fi máa dé mítà 40, ibi tó tàn dé á ti fẹ̀ ní mítà kan. Àyà àgbọ̀nrín kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wóro mélòó ló kù tí yóò wọ àyà? Ọ̀kan, bóyá méjì. Àwọn yòókù á wọ inú ikùn, á wọ itan, tàbí kí wọ́n wọ ara igi. Ẹran náà á sáré, á kú lọ́la, ìwọ kò ní rí i.

Oníwóro dára láàárín mítà 20, 25. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, sinmi, tàbí kó o lo olóòjé kan.

Èyí tó bá fò jáde lójijì tó ń sáré, jẹ́ kó lọ. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, wàá tún bá a.

ÀjàṣẹNíJámánì:
Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Baba Ṣábẹ, mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, Jámánì ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Ènìyàn gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kí wọ́n tó fún un níwèé níbí. N kò fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ karabíìnì bí ẹni pé kò wúlò, nítorí òun ni mo ń lò.

Òfin ló ń sọ ohun tí a lè fi yin ẹran níbí. Ìgalà wọn tó kéré jù, tó máa ń wọn kílò 20 sí 30, ọta tó o bá fi yìn ín gbọ́dọ̀ ṣì ní agbára 1,000 júùlù (òun ni wọ́n fi ń wọn agbára ọta) nígbà tó bá dé mítà 100. Fún èyí tó bá tóbi jù ú lọ, ọta kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju mílímítà 6.5 lọ, agbára rẹ̀ ní mítà 100 kò sì gbọdọ̀ dín ní 2,000 júùlù. Akọ àgbọ̀nrín wa tó ti dàgbà á wọn kílò 40 sí 50, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abo fúyẹ́ sí i. Ẹtu ní tirẹ̀, kílò 10 sí 20 ni. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹran tó ń béèrè ìbọn tó ń fọ́ èjìká ẹni.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ karabíìnì lo máa rà, aburo mi, .243 Winchester tó jáde ní 1955 ti tó ọ. Lóòótọ́, ọta rẹ̀ kò tó mílímítà 6.5 tí òfin ibí ń béèrè fún ẹran tó tóbi, ṣùgbọ́n òfin ibí kò dé Kétu. Ọta rẹ̀ ń wọn bíi gíráàmù 6.5, ó ń sáré tó mítà 900 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára rẹ̀ lẹ́nu ìbọn sì lé ní 2,600 júùlù. Òun ló ń ti ènìyàn sẹ́yìn kéré jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n dárúkọ fún ọ, ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò bá sì dẹ́rù bà ni ọwọ́ rẹ̀ ń dúró. .270 ti wà láti 1925, .308 láti 1952. Méjèèjì ní agbára tó 3,500 júùlù tàbí díẹ̀ sí i. Àgbọ̀nrín tó gba .243 sí ẹ̀dọ̀fóró kò ní kú ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ .308 ló gbà.

Ẹ tún máa rí 7x64 lára karabíìnì àlòkù tó ń ti ilẹ̀ Faransé wá. Brenneke tó ni ọta olóòjé tí Baba sọ náà ló ṣe é, ní 1917. Àwọn ọdẹ Faransé gba tirẹ̀ nítorí pé títí di 2013, òfin wọn kò fàyè gbà wọ́n láti máa fi kálíbà ológun bíi .308 àti .30-06 ṣọdẹ. Ọta tó dára ni, àmọ́ ó lágbára ju ohun tí ẹtu nílò lọ.

ỌmọAlákétu:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti bàbá mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí kálíbà 16 fi kéré sí 12, tí .308 sì tóbi ju .243? N kò lóye ètò nọ́ńbà yẹn.

ÀjàṣẹNíJámánì:
Ètò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti ìbọn tí inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́ báyìí, bọ́ọ̀lù òjé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n láyé àtijọ́. Mú òjé tó wọn pọ́n-ùn kan, ìyẹn gíráàmù 453, fi ṣe bọ́ọ̀lù roboto 12 tó dọ́gba. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan á ṣe déédé ihò ọ̀pá kálíbà 12. Bó o bá pín òjé kan náà sí 16, bọ́ọ̀lù á kéré, ihò á kéré. Ihò 12 fẹ̀ tó mílímítà 18.5, ti 20 kò ju 15.6 lọ.

Ti karabíìnì, ìdá ínǹṣì ni. .243 jẹ́ mílímítà 6.2, .308 jẹ́ 7.8. Nọ́ńbà ńlá, ọta ńlá.

ÌyáẸlẹ́ran:
Mo kí gbogbo yín. Ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà lọ́jà Kétu, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti bá òwò náà. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ti agbára, agbára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa ń rí lórí tábìlì.

Ẹran tí ọta wọ inú ìfun rẹ̀, kò sí ẹni tó máa rà á lówó gidi. Bí wọ́n bá là á, òórùn á ti bo ilé, omi ìfun á ti ba itan méjèèjì jẹ́. Bí oòrùn bá sì pa á díẹ̀ kó tó dọ́dọ̀ mi, n kò ní gbà á. Èyí tí wóro tú ká sí lára náà ń dá wàhálà sílẹ̀: oníbàárà mi á gé e jẹ, á fi eyín kan òjé, kò ní padà wá mọ́. Òjé sì jẹ́ májèlé, àgàgà fún ọmọdé àti aboyún. Èmi máa ń ti ọwọ́ bọ ojú ọgbẹ́ kí n tó tà á, mo máa ń gé gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí dànù.

Ti karabíìnì, mo ti rí ẹtu tí wọ́n fi ọta ńlá yìn ní èjìká. Apá kan àti igẹ̀ lọ pátápátá, ẹ̀jẹ̀ dúdú nìkan ló kù. Ẹran tó jẹ́ kílò 12, kí ló kù fún ẹni tó pa á? Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Ìyà yín nínú igbó kò kéré. Ẹ má wá fi ọta ba èrè rẹ̀ jẹ́.

Èyí tí mò ń sanwó lé lórí láìjanpata ni èyí tí ihò kan wọlé lẹ́yìn apá iwájú, tó gba òdìkejì jáde, tí ìfun rẹ̀ kò sì ní àbùkù. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa yọ ìfun rẹ̀ nínú igbó níbẹ̀, ẹ má gbé e wálé pẹ̀lú ikùn gbígbóná.

AráÌlárá:
Ìyá, ẹ ṣeun. Èyí yé mi ju ti ìgbọ̀nwọ́ lọ.

ÀjàṣẹNíJámánì:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ọta tó ń sáré gan-an, bó bá kan egungun èjìká nítòsí, ó ń fọ́ ẹran káàkiri. Ní mítà 30, .270 ṣì ń sáré bíi ìgbà tó kúrò lẹ́nu ìbọn, ìdí nìyẹn tó fi ń ba nǹkan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olóòjé kálíbà 12 kò yára tó ìdajì rẹ̀, àmọ́ ó wúwo, bíi gíráàmù 30, ó sì fẹ̀. Agbára rẹ̀ lẹ́nu ìbọn ń lọ sí bíi 3,000 júùlù. Ó ń lu ihò gbòòrò, ẹ̀jẹ̀ á jáde dáadáa, ẹran ìhà kò sì ní dúdú tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́Igbó:
Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ Eaux et Forêts, ìyẹn àwọn onígbó ìjọba, ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n óò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ.

Gbogbo yín ń sọ bí ọta ṣe ń jáde. Níbo ló máa dúró sí? Ọta karabíìnì bíi .308, bí kò bá kan nǹkan, lè rin kìlómítà mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olóòjé kálíbà 12 lè kọjá kìlómítà kan. Wóro ńlá ń lọ tó mítà 500, 600. Ẹ wo ilẹ̀ Kétu: abúlé lórí abúlé, obìnrin ń ṣa igi ìdáná, ọmọdé ń lé ẹyẹ lóko àgbàdo, Fúlàní ń da màlúù kọjá. Ilẹ̀ wa tẹ́jú, kò sí òkè tó máa gba ọta dúró bí ti Ṣábẹ. Ẹni tó yin karabíìnì sí àgbọ̀nrín nínú koríko, tó tàsé, kò mọ oko ẹni tí ọta náà ń lọ. Fún ìdí yìí nìkan, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra karabíìnì fún ọdẹ ìtòsí ilé ní Kétu.

Karabíìnì ní àyè tirẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Lókè ọ̀hún, ní àwọn ilẹ̀ ọdẹ tó yí ọgbà ẹranko Pendjari ká, níbi tí wọ́n ti ń lé ẹfọ̀n àti àwọn ẹran ńlá mìíràn tẹ́lẹ̀, kálíbà 12 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìyẹn ní àṣẹ tirẹ̀, amọ̀nà tirẹ̀ àti owó tirẹ̀.

Ó dára tí ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ ỌmọAlákétu, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ìwé ìbọn ń ti ọ̀dọ̀ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé wá, ìwé ọdẹ ń ti ọ̀dọ̀ àwọn onígbó wá. Òfin ẹranko ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀, ti nọ́ńbà 2002-16 tí wọ́n fọwọ́ sí ní October 2004, pín ẹranko sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwọn kan sì wà tí kò sí ìwé àṣẹ ọdẹ lásán tó lè gbà ọ́ láyè láti pa wọ́n. Igbó Dogo-Kétou jẹ́ igbó tí ìjọba fi ààlà sí, má gbé ìbọn wọ ibẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ bá àwọn onígbó. Jọ̀wọ́, fi ọdẹ òru oníná orí sílẹ̀. Ojú ẹran nìkan ló ń tàn padà sí ọ. O kò mọ̀ bóyá abo tó lóyún ni, o kò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

ÀjàṣẹNíJámánì:
Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, mo sì gbà á. Níbí, ọ̀pọ̀ wa ló ń yìn láti orí àtẹ̀gùn gíga tí a kàn mọ́ ara igi, kí ọta lè máa dojú kọ ilẹ̀. Bí kò bá sí ilẹ̀ lẹ́yìn ẹran, a kì í yìn. Bí ẹnì kan bá ṣì fẹ́ lo karabíìnì nílé, kó kọ́kọ́ gun igi.

AráÌlárá:
Ìbéèrè kan kù. Olóòjé kan yẹn wọ́n, kì í sì í sí nílé ìtajà nígbà gbogbo. Àwọn kan lọ́dọ̀ wa máa ń tú ọta òyà, wọ́n á da wóro kéékèèké inú rẹ̀ nù, wọ́n á yọ́ òjé bátìrì mọ́tò, wọ́n á fi ṣe bọ́ọ̀lù kan, wọ́n á kì í padà. Ó ń pẹran. Ṣé ó burú?

BabaỌdẹṢábẹ:
Ó burú! Má ṣe é, má sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ ṣe é.

Lákọ̀ọ́kọ́, wo ẹnu ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ọ̀pọ̀ ni ẹnu rẹ̀ fún ju inú ọ̀pá lọ, pàápàá ẹnu òsì, kí wóro má baà tètè tàn ká. Bọ́ọ̀lù tí o fi ọwọ́ dà, tó kún inú ọ̀pá, ibo ló máa gbà jáde lẹ́nu tó fún? Ọ̀pá á wú tàbí kó ya, ọwọ́ tó di ọ̀pá mú ló sì wà nítòsí jù. Brenneke ti ilé iṣẹ́ ní ìlà tó yọ lára. Ìlà yẹn ń fún pọ̀ bó bá dé ibi tó fún, ìdí nìyẹn tó fi ń gbà á kọjá láìṣe ìbọn ní jàǹbá. Síbẹ̀, ẹnu tó ṣí ló ń gbé e lọ tààrà jù.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀tù tí wọ́n wọ̀n fún gíráàmù òjé kan kò bá òjé tó wúwo jù ú lọ mu.

Àti pé bátìrì mọ́tò tó o sọ yẹn, èéfín rẹ̀ nìkan ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Kò yẹ kí wọ́n máa yọ́ ọ nítòsí ilé rárá.

Ẹ tún máa ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá: nọ́ńbà kejì ni gígùn ilé ọta ní mílímítà. Bí ó bá jẹ́ 12/70, má fi ọta 12/76 sí i, bó tilẹ̀ wọ ilé ọta náà. Bí ìbọn bá ti gbó tí wọ́n kọ 65 sí i, 70 pàápàá kò yẹ ẹ́. Ìbọn tó ti Saint-Étienne wá ní òǹtẹ̀ ilé ìdánwò lára. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ kò ní òǹtẹ̀ kankan, kò sì sẹ́ni tó mọ agbára tí irin rẹ̀ lè gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn alágbẹ̀dẹ wa, ọmọ Ògún kan náà ni wá, ṣùgbọ́n ọta ilé iṣẹ́ ti òní lágbára ju irin páìpù lọ.

ỌmọAlákétu:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti pinnu. Kálíbà 12 ẹlẹ́nu méjì ni n óò rà, oní 70, tó ní òǹtẹ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà pé kó gbé karabíìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Inú àbúrò bàbá mi ń dùn kiri àdúgbò.

Baba, ẹ bá mi parí i. Ibo gan-an ni kí n máa wò lára àgbọ̀nrín? Lẹ́yìn tí mo bá yìn, ṣé kí n sáré tẹ̀ lé e ni?

BabaỌdẹṢábẹ:
Dúró kó fi ẹ̀gbẹ́ hàn ọ́. Tọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú gòkè, dúró níbi tí àyà ti pín sí mẹ́ta, ní ìpín ìsàlẹ̀. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀. Bó bá dojú kọ ọ́, tàbí tó kẹ̀yìn sí ọ, má yìn.

Má sáré. Àgbọ̀nrín tí ọta bà sí àyà lè sáré díẹ̀ kó tó ṣubú. Bí o bá lé e, agbára ìbẹ̀rù á gbé e wọ ibi tó ṣú. Jókòó, sàmì síbi tó dúró sí àti ibi tó gbà lọ, dúró tó ìṣẹ́jú 20. Kó o tó wá lọ wo ẹ̀jẹ̀. Bó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìfófó, ẹ̀dọ̀fóró ni, kò jìnnà. Bí ó bá ní àwọ̀ koríko tó ń rùn, ikùn ni, fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí o sì pe ẹlòmíràn wá. Bó o bá bá akọ tó ṣì ń mí, má sún mọ́ orí rẹ̀. Ìwo yẹn mú, ó sì ń fi í jà títí ẹ̀mí á fi bọ́.

Kó o tó wọ igbó rárá, gbé pákó ńlá kan sí mítà 40, kí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Fi olóòjé yin ẹnu ọ̀tún, kí o fi yin ti òsì, kí o tún un ṣe. Ẹnu méjèèjì kì í sábà kó o síbì kan náà. Èyí tó bá súnmọ́ ibi tó o wò jù ni wàá máa kì olóòjé sí, èyí tó kù á máa gba oníwóro.

ỌmọAlákétu:
Mo gbọ́, Baba. Òkìtì èèrà ńlá kan wà lẹ́yìn oko wa, kò sí ọ̀nà tàbí abúlé lẹ́yìn rẹ̀ títí dé odò. Ṣé ìyẹn tó?

Ọ̀rẹ́Igbó:
Ó tó bó bá ga ju ọ lọ tó sì nípọn. Rin ẹ̀yìn rẹ̀ wò ní àárọ̀ ọjọ́ náà fúnra rẹ, kí o sọ fún ọlọ́jà abúlé àti àwọn olóko tó wà nítòsí kí o tó yìn. Mú ìwé méjèèjì dání.